Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé aràn ló ń ṣe ọmọ mi?

Ìbéèrè: "Bàbá Láàbù, ẹ kú iṣẹ́ o. Alékúwodò níbí ni mò ń gbé, àdìrẹ ni mò ń tà. Ìdòwú mi, ọmọ ọdún 9, kò lókun mọ́ láti nǹkan bí oṣù kan àbọ̀. Ó ń húkọ́, inú ń run ún, ojú rẹ̀ sì funfun. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní abúlé kan lọ́nà Èkó-Èǹdè ló ti lo ọlidé tó kọjá. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: PCV 29, WBC 9,200, eosinophil 17, ESR 52, CRP 18, ibà kò sí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní aràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó ní ESR àti CRP ló fi hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní táífọ́ọ̀dù ni. Ṣé ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá aràn ni lóòótọ́? Ṣé kí n tún sanwó kí wọ́n tún CRP yẹn ṣe? Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka èsì yẹn kí n tó dáhùn. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ tó jọ mọ́ aràn, kì í ṣe ESR, kì í sì í ṣe CRP. Eosinophil yẹn ni, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tún ná kọ́bọ̀ lórí CRP. Ìgbẹ́ ọmọ náà àti ìtọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí owó yín lọ sí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí bí ẹnikẹ́ni bá tún kọ ESR fún un lọ́la, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n.

Ohun tí à ń ṣe tí a bá ní a ń ṣe ESR kò ju báyìí lọ. A ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàlà sí lára láti òdo títí dé mìlímítà 200. A ó gbé e dúró ṣánṣán, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, tí tábìlì kò sì ní mì, a ó wá máa wo aago. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa á máa rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó ní àwọ̀ ìyeyè á ṣẹ́kù sókè. Tí wákàtí kan bá pé géérégé, a ó ka ibi tí pupa ti sọ̀ kalẹ̀ dé. Ti Ìdòwú sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 52. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Alf Westergren, ará Sweden, ló là á kalẹ̀ báyìí ní 1921, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rí aràn kankan nínú ọ̀pá yẹn.

Ohun tó ń mú un yára sọ̀ ni pé tí ara bá ń bá nǹkan jà, àwọn protéènì kan á pọ̀ sí i nínú omi ẹ̀jẹ̀, wọ́n á mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa lẹ̀ mọ́ra wọn bí abọ́ tánńganran tí a tò léra. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ra á wúwo, á sì tètè lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó lè fa ìyẹn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ikọ́ ife, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TB, á gbé ESR sókè. Oyún á gbé e sókè. Ọjọ́ orí náà ń gbé e sókè. Àìtó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á gbé e sókè, PCV Ìdòwú, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sì jẹ́ 29, nígbà tó yẹ kó tó 35 ó kéré tán fún ọmọ bíi tirẹ̀. Apá kan nínú 52 yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ lásán. Ó tún wà lódì kejì: ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde lè wà nínú ìrora gidi, kí ESR rẹ̀ wà nílẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bíi dòjé kò ṣeé tò léra.

CRP yá ju ESR lọ. Ọ̀kan nínú àwọn protéènì tó ń pọ̀ sí i nígbà tí ara bá ń jà ni, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà tí nǹkan bá ti kọ lu ara, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè; á dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ kejì; tí ìjà bá sì ti parí, ìdajì rẹ̀ á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 19. William Tillett àti Thomas Francis ló ṣàwárí rẹ̀ ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe. Bó ṣe ń yára gòkè tó sì ń yára wálẹ̀ yìí ni àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀: tí wọ́n bá fún ọmọ lóògùn lónìí, wọ́n á mọ̀ lọ́túnla bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Mo gbà pé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kó máa tẹ̀lé àìsàn tí a ti mọ orúkọ rẹ̀.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ àwọn ohun tó ń wọ inú ara èèyàn gbé, ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Ibà ẹ̀fọn a máa gbé CRP sókè gan-an, débi pé nílùú tí ibà wọ́pọ̀ sí bíi tiwa, CRP gíga kò lè sọ fún dókítà bóyá ibà ni tàbí òtútù àyà. Amóébà tó ń fa ọ̀rìn, tó bá kúrò nínú ìfun tó lọ dá ọyún sínú ẹ̀dọ̀, á gbé e sókè kọjá bẹ́ẹ̀. Aràn tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìfun ńkọ́? Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí CRP má mì rárá. CRP lè ga láìsí aràn, aràn sì lè kún inú ọmọ kí CRP wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù fi mílígíráàmù 10 nínú lítà kan ṣe ààlà, ti Ìdòwú jẹ́ 18. Ikọ́ tó ń hú yẹn nìkan lè fà á.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ, èyí á tètè yé yín. Ẹ mọ̀ pé aṣọ kì í gba aró bákan náà; tẹ́ẹ́tọ́nù àti àǹkárá ò lè jáde nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú àwọ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1879, Paul Ehrlich, ará Jámánì, ń pa ẹ̀jẹ̀ láró, ó wá rí i pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan ń fa aró pupa tí wọ́n ń pè ní eosin mu ju àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni eosinophil ti gba orúkọ. Títí dòní, tí mo bá tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, tí mo pa á láró, tí mo fojú sí máíkírósíkóòpù, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dá mọ̀: ikùn rẹ̀ kún fún hóró wínníwínní tó pọ́n bíi gààrí tí wọ́n da epo sí, àárín rẹ̀ pín sí méjì, ó sì dúdú bí aró tó ṣú. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, mo lè ka ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun kí n má rí ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó ka ti Ìdòwú rí 17.

Ẹ má wá dá 17 yẹn wò o. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, WBC, ìyẹn iye gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, la sì gbọ́dọ̀ fi ṣírò rẹ̀. Ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún 9,200 jẹ́ 1,564. Iye tí à ń retí kò ju 500 lọ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Tó bá wà láàárín 500 sí 1,500, ó gòkè díẹ̀ nìyẹn. 1,500 sí 5,000, ó gòkè dáadáa. Tó bá ju 5,000, ó ti le. Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele kejì ni. Ká ní WBC rẹ̀ jẹ́ 2,500 ni, 17 yẹn kan náà ì bá jẹ́ 425, ì bá má jẹ́ nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí èsì tí wọ́n kọ ìdá sí, tí wọn ò kọ iye, torí ìyá ọmọ á gbé e délé láìmọ bóyá kí òun bẹ̀rù tàbí kí òun má bẹ̀rù.

Kí ló ń gbé eosinophil sókè? Aràn tó ń rìn nínú ẹran ara. Èyí tó bá ń rìn ló ń bí wọn nínú, èyí tó jókòó kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ wo aràn gbọọrọ tí gbogbo wa mọ̀. Ọmọ gbé ẹyin rẹ̀ mì láti ọwọ́ tó dọ̀tí tàbí èso tí a kò fọ̀. Ẹyin pa nínú ìfun, ọmọ aràn wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ó dé ẹ̀dọ̀fóró, ó gòkè dé ọ̀fun, ọmọ á tún gbé e mì padà sínú ìfun, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. Lásìkò tó ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ọmọ á máa húkọ́, eosinophil á sì ròkè fíofío. Ṣùgbọ́n ẹ lè wá ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ rẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i, nítorí ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta láti ọjọ́ tó gbé ẹyin mì kí abo aràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣáájú ìgbẹ́ mọ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ta oògùn fún yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ọmọ aràn a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Nọ́ńbà tó nàka sí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibà ẹ̀fọn kì í gbé eosinophil sókè. Nígbà tí ibà bá gbóná lọ́wọ́, ńṣe ló máa ń wálẹ̀. Amóébà kì í gbé e sókè. Àwọn nǹkan mìíràn tí kì í ṣe aràn náà sì lè gbé e sókè: ikọ́ fée tí òyìnbó ń pè ní asthma, ara yíyún tó ń ti ìdílé wá, oògùn mìíràn tí kò bá ara mu. Ẹ bá mi ronú: ṣé àyà Ìdòwú máa ń dún fée-fée lóru? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tó ní ikọ́ fée? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí mọ̀. Mo rántí ìyá àgbà kan tí wọ́n gbé wá, inú ń run ún, ìgbẹ́ gbuuru ò dá, ó ti rù hangogo. Eosinophil rẹ̀: òdo. Ẹni tó bá wo ẹ̀jẹ̀ nìkan á ní kò sí aràn. Mo fi ìgbẹ́ rẹ̀ sórí gíláàsì, kí n tó yí lẹ́ǹsì tán, mo ti ń rí wọn, ọmọ aràn strongyloides, wọ́n ń ká, wọ́n ń nà, wọ́n pọ̀ débi pé n kò lè kà wọ́n. Nígbà tí a béèrè, ó ti tó ọ̀pọ̀ oṣù tó ti ń lo oògùn orúnkún tí wọ́n máa ń pò pọ̀ fún un nínú ọ̀rá, prednisolone, oògùn tó ń dín agbára ìjà ara kù, sì wà nínú rẹ̀. Oògùn yẹn ló lé eosinophil wọlẹ̀. Òun náà ló tú aràn sílẹ̀, torí aràn yìí lè fara pamọ́ sínú èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa bí ara rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó ń ṣọ́ ọ kò fi ní sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti fún Ìdòwú ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún kankan tí wọ́n pò fún yín láìsí orúkọ lára rẹ̀, ẹ wí fún dókítà kí ó tó ka èsì.

Sòbìà ni àwọn àgbà wa mọ̀ jù. Ó máa ń yọ orí síta lára ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò láàbù láti dárúkọ rẹ̀. A dúpẹ́ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. 2013 ni àjọ WHO jẹ́rìí sí i pé kò sí i mọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó kù kì í yọ orí síta, àwa la gbọ́dọ̀ wá wọn lọ síbi tí wọ́n wà.

Ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ, ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí aràn kì í yé ẹyin tó pọ̀ bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ lo ike tó mọ́, tó gbẹ, kí ìtọ̀ má kàn án. Kí ó dé láàbù láàárín wákàtí kan. Mo ń tẹnu mọ́ wákàtí yìí nítorí ohun tí ojú mi rí. Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe, wọ́n máa ń gba ìgbẹ́ láàárọ̀, wọ́n á tò ó sórí fèrèsé títí dìrọ̀lẹ́. Nínú ooru wa, bó bá sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹyin aràn mùjẹ̀mùjẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hookworm á ti pa, ọmọ á ti jáde, ẹni tó ń wò ó á sì kọ orúkọ aràn mìíràn. Amóébà tó ń rìn tiẹ̀ ti kú tipẹ́. Wọ́n á wá kọ "kò sí nǹkan" fún ẹni tí nǹkan ń pa lọ. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, kò gbọ́, n ò sì pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Torí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: "Ìgbà wo lẹ máa wò ó?" Kì í ṣe àfojúdi.

Aràn mùjẹ̀mùjẹ̀ yẹn ni mò ń fura sí nígbà tí mo rí PCV 29. Orí ìfun ló ń gbé, ó ń fi eyín dì í mú. Oríṣi kan ń mu bíi mìlílítà 0.03 lójúmọ́, èkejì 0.15 sí 0.2. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún aràn, ẹ sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, nínú ọmọ ọdún 9 tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lóko. Bó bá jẹ́ òun ni, oògùn aràn nìkan kò tó, ọmọ náà nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ferritin láti mọ bóyá irin tó lára rẹ̀, ẹ rán wọn létí pé CRP rẹ̀ ga, nítorí ferritin náà ń gòkè nígbà tí ara bá ń jà, ó sì lè fi hàn pé irin tó nígbà tí kò tó.

Ìtọ̀ ló kàn. Abúlé ọ̀nà Èkó-Èǹdè tí ẹ dárúkọ yẹn ló mú mi ronú. Àwọn olùwádìí ti rí àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí dáàmù Èkó-Èǹdè àti ti Erinlẹ̀. Inú ìṣáwùrú ni kòkòrò rẹ̀ ti ń dàgbà, á jáde sínú omi, á gba awọ ara ọmọ tó ń wẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀. Òun náà ń gbé eosinophil sókè gan-an. Ẹ bi Ìdòwú jẹ́jẹ́ bóyá ó wẹ̀ lódò níbẹ̀, àti bóyá ìparí ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n. Àwọn ọmọkùnrin kì í sábà sọ ọ́, ojú máa ń tì wọ́n. Aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin rẹ̀ ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀ tàbí kó fò sókè fò sílẹ̀ kó tó tọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé èyí tó kán kẹ́yìn wọ inú ike. Tó bá wà níbẹ̀, ẹni tó bá wo máíkírósíkóòpù á rí ẹyin tó gùn díẹ̀, tó ní ẹ̀gún kan ní ìdí. Ẹ̀gún yẹn kì í parọ́. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni ẹyin máa ń lò kó tó hàn, nítorí náà tó bá jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tó ti ọlidé dé, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ kàn ra oògùn aràn nìyí: albendazole tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ń pa aràn inú ìfun, kò ní ṣe àtọ̀sí ajá ní nǹkan kan. Praziquantel ló ń pa á, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílò kan.

Ti táífọ́ọ̀dù tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, kò sí ohunkóhun nínú èsì yìí tó fi hàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò rẹ̀ á hù níbẹ̀, ló dájú jù. Ibà ẹ̀fọn ní tirẹ̀ lè pa mọ́ni lójú nínú gíláàsì kan, nítorí náà tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ tún un wò nígbà tó gbóná yẹn.

Ikọ́ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ tó ti ń húkọ́ fún oṣù kan àbọ̀, tí ESR rẹ̀ sì jẹ́ 52, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò TB, bí a tilẹ̀ rí aràn. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba, oògùn rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí kò lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ìgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ni wọ́n lè lò. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aràn mú yín gbàgbé rẹ̀. Bó bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde, ẹ má dúró de ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí èsì ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá jáde, ẹ kọ ọ́ sí mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan àti wákàtí tí wọ́n wò ó.